Ẹfúnṣetán Aníwúrà: Oníṣòwò Tí Eré Sọ Di Ọ̀rọ̀ Èébú

(Ọ̀rọ̀ tí alábòójútó ẹgbẹ́ wa sọ sórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ohùn mẹ́fà ni. A kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí dátà wọn ò gbé ohùn, àtàwọn tí ariwo ọjà kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́.)

OHÙN KÌÍNÍ

   

Gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ẹgbẹ́ yìí lọ́jọ́bọ̀. Ìyá wa kan tó ń ta ìrẹsì àti òróró kọ ọ́ síbí pé kí àwọn tó jẹ òun lówó jọ̀ọ́ wá san án, pé ọjà tuntun ti fẹ́ wọlé. Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Ni ẹnì kan bá dá wọn lóhùn pé, “Ẹ má wá ṣe Ẹfúnṣetán sí wa níbí o.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan bínú. Kó tó di pé a mọ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti ọkùnrin àti obìnrin, ó ti di ti ará Ìbàdàn àti ará Abẹ́òkúta. Mo ti ẹgbẹ́ pa di òwúrọ̀, mo sì sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ Ẹfúnṣetán yìí la máa fi ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn wa lọ́sẹ̀ yìí.

Ìdí tí mo fi ṣèlérí náà ni pé orúkọ tí wọ́n fi bú ìyá yẹn, orúkọ oníṣòwò ni. Oníṣòwò bíi tiwa ni, àmọ́ tirẹ̀ tóbi ju tiwa lọ. Ọ̀pọ̀ wa ò mọ ìyẹn. Ohun tí a mọ̀ ni eré. Ẹ jẹ́ ká wá wo bí eré ṣe ń ṣe é.

OHÙN KEJÌ

Eré tí à ń wò kì í ṣe ìròyìn. Ẹni tó ń kọ eré dà bí àwọn ìyá Gbagyi tó ń mọ ìkòkò ní ibùdó ìkòkò Ushafa tiwa yìí. Amọ̀ kan náà ló wà níwájú wọn. Bó bá wù wọ́n, wọ́n á fi mọ ìkòkò omi, bó bá sì wù wọ́n, wọ́n á fi mọ ìkòkò ọbẹ̀. Amọ̀ ò lè sọ pé òun kọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe sẹ́kọ́ndìrì, ẹ ó rántí The Gods Are Not to Blame, eré Ọlá Rótìmí. Ọba Ọdẹ́wálé ìlú Kútùjẹ́, tó pa bàbá rẹ̀, tó fẹ́ ìyá rẹ̀, tí ò sì mọ̀. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1968. Ṣùgbọ́n eré yẹn kì í ṣe tilẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Sophocles, ará Gíríìkì, ló kọ ọ́, ó ti lé ní 2,400 ọdún. Ní ti Gíríìkì, oríta ni bàbá àti ọmọ ti pàdé tí ìjà fi ṣẹlẹ̀. Rótìmí gbé ìjà náà wá sínú oko, ó sọ ọ́ di ìjà ilẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni yóò wọ ọmọ Yorùbá lára. Ó fi Ifá sí i, ó fi òwe àti ìlù sí i. Lónìí, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọba Yorùbá kan ti wà rí tó ń jẹ́ Ọdẹ́wálé.

Fẹ́mi Òsófisan náà ṣe irú ẹ̀. Ó mú eré Gíríìkì mìíràn, èyí tí Euripides kọ nípa àwọn obìnrin tó kù lẹ́yìn tí ogun fọ́ ìlú wọn, ó wá sọ ọ́ di Women of Owu, àwọn obìnrin Òwu. Ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 2004, nígbà tí ogun Iráàkì ṣì gbóná. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ fetí sí eléyìí dáadáa. Ọ̀rọ̀ ọjà ló bẹ̀rẹ̀ ogun Òwu. Ọjà Àpòmù ni, níbi tí Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Wọ́n ń jí àwọn oníṣòwò gbé níbẹ̀, wọ́n ń tà wọ́n. Nígbà tó tún yá, ààwọ̀ dé lórí ataare nínú ọjà kan náà. Ataare lásán o! Ọ̀rọ̀ di ìjà, ìjà di ogun, Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀ sì dó ti Òwu fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fọ́, láàárín 1820 sí 1829. Nínú eré Òsófisan, àwọn ọ̀gágun tó fọ́ ìlú náà ń sọ pé ọjà Àpòmù làwọn wá tú sílẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ẹni bá fẹ́ jagun á ní nítorí ọjà ni, ẹni tó sì wà nínú ọjà ni wọ́n máa ń kó lẹ́rú.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan kún un kí n tó dé ibi tí mò ń lọ. Aláàfin Ládìgbòlù wàjà ní 1944. Olókùn-ẹṣin ọba ló yẹ kó tẹ̀ lé e bí àṣà ìgbà náà, òyìnbó ní kò gbọdọ̀ kú. Ọmọ rẹ̀ ló wá kú dípò rẹ̀. Ta lọmọ yìí? Oníṣòwò ni, Gánà ló ti ń tajà, Gold Coast ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn. Ó gbọ́ pé ọba ti wàjà, ó wá sílé láti wá sin bàbá rẹ̀, ó bá a láàyè. Dúró Ládiípọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe Ọba Wàjà ní 1964, ó sì fi ọmọ náà sílẹ̀ ní Gánà níbi tó wà. Wọlé Ṣóyínká fi ṣe Death and the King’s Horseman ní 1975, ó sọ ọmọ náà di akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ìlú Ọba, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà sínú ogun Hitler. Èyí tí Bíyìí Bándélé gbé sínú fíìmù ní 2022 nìyẹn, Ẹlẹ́ṣin Ọba. Ṣé ẹ rí i? Oníṣòwò ti di dókítà lọ́la! Mi ò sọ pé Ṣóyínká ṣẹ̀ o. Ohun tó fẹ́ sọ fún òyìnbó ló gba ẹni tó ti gbé láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo fíìmù yẹn nìkan kò ní mọ̀ láé pé èèyàn bíi tiwa, tó gbé ẹrù lọ sí ìlú onílùú, lọ́rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí.

OHÙN KẸTA

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ Ẹfúnṣetán.

Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ eré náà ní èdè Yorùbá. Ọmọ Ìbàdàn ni, ọ̀jọ̀gbọ́n ni, òun náà ló kọ Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999. Ìwé Ẹfúnṣetán Aníwúrà jáde ní 1970, lẹ́yìn tó ti gba ipò kìíní nínú ìdíje ìwé eré tí Ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá ṣe. Àwọn ọmọ ilé ìwé kà á títí ó fi di ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀. Nígbà tó di 1981, ẹgbẹ́ òṣèré Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá ṣe é ní pápá ìṣeré Liberty n’Ìbàdàn, èèyàn tó wò ó lé ní 14,000. Ẹ rò ó wò: pápá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ni èrò kún nítorí eré orí ìtàgé. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé e sínú fíìmù, Bánkọ́lé Bello ló darí rẹ̀, Ìyábọ̀ Ògúnṣọlá ló ṣe Ẹfúnṣetán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tó bí ọdún márùn-ún nígbà yẹn, ẹ ó rántí bí ẹ̀rù obìnrin yẹn ṣe ń ba ọmọdé.

Kí ni eré náà sọ? Ó ní Ìyálóde Ìbàdàn kan wà, olówó ni, ẹrú rẹ̀ kò lóǹkà. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ti kú síbi ìkúnlẹ̀. Láti ìgbà náà, ó ṣòfin pé ẹrúbìnrin òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún, ẹrúkùnrin òun kankan kò sì gbọdọ̀ fún obìnrin lóyún. Adétutù lóyún fún Ìtáwuyì. Ẹfúnṣetán ní kí wọ́n bẹ́ Adétutù lórí, toyún-toyún. Àwọn àgbà ìlú bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ní ìkẹyìn, Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kó àwọn ológun wọ ilé rẹ̀, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, wọ́n dójú tì í, ó gbé májèlé jẹ. Àwọn òǹwòran á pàtẹ́wọ́, inú wọn á dùn pé ìkà ti kú.

Eré tó dára ni, mi ò gbọdọ̀ parọ́. Ìṣọ̀lá kọ Yorùbá débi tó dé. Ó tún ń sọ òótọ́ ńlá kan, pé ẹni tó bá fi agbára tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀ kò ní gbẹ̀yìn dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó di olùgbàlà nínú eré náà. Látòósà ni. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, a ń bọ̀ lórí rẹ̀.

OHÙN KẸRIN

Àwọn bàbá wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti ìtàn náà.

Àwọn méjì ni mo gbára lé jù. Ọ̀kan ni Sámúẹ́lì Johnson, àlùfáà tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921. Ìgbà ayé rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Èkejì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́, òpìtàn obìnrin, tó fara balẹ̀ wá ìdí ọ̀rọ̀ Ẹfúnṣetán kó tó kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ̀gbá ni bàbá Ẹfúnṣetán, ará Ìkìjà, Ògúnrìn ni wọ́n ń pè é. Ará Ifẹ̀ ni ìyá rẹ̀. Òwò ló fi dé ibi tó dé. Ó ń ta epo, ó ń ta tábà, ó ń ta kíjìpá, ó ń ta ìbọn àti ẹ̀tù, ó sì ń ta ẹrú. Ọjà rẹ̀ ń lọ sí Àjàṣẹ́ tí òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, ó ń lọ sí Àgbádárìgì, ó ń lọ sí Ìkòròdú. Kò sí ọkọ̀ tírélà nígbà yẹn, orí ènìyàn ni ẹrù ń bá lọ, nínú igbó, lásìkò ogun. Ẹni tó bá lè gbé ẹrù láti Ìbàdàn dé etí òkun kó sì gbé òmíràn bọ̀, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ọmọdé nínú òwò. Àwọn òpìtàn kan ní ẹrú tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko rẹ̀ àti lẹ́nu òwò rẹ̀ lé ní 2,000. Ṣubúọlá ni Ìyálóde Ìbàdàn àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, Ẹfúnṣetán ló kàn.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ mi lágbọ̀ọ́yé. Òwò ẹrú burú. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara bíi tiwa ni wọ́n ń tà, àwọn ọmọ tí wọ́n jí gbé ní ọjà bí Àpòmù. Àwọn baálé ilé Ìbàdàn àtàwọn ológun wọn náà ń ṣe é, ìyẹn ò sọ ọ́ di ohun rere. Ìtàn àtẹnudẹ́nu náà gbà pé ọwọ́ rẹ̀ le gan-an sí àwọn ẹrú lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ kú síbi ìkúnlẹ̀ ní 1860, pé ó ṣe ìkà sí wọn. Nítorí náà, Adétutù inú eré kò jáde láti inú afẹ́fẹ́ lásán. Ìṣọ̀lá rí amọ̀ kó tó mọ ìkòkò.

Ṣùgbọ́n ìkà sí ẹrú kọ́ ni wọ́n torí ẹ̀ pa á. Ibẹ̀ ni eré àti ìtàn ti yà síra. Gbèsè ni.

OHÙN KARÙN-ÚN

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí òwò náà ṣe ń lọ, ẹ̀yin oníṣòwò ló máa tètè yé.

Ìlú ológun ni Ìbàdàn nígbà náà. Olúkúlùkù ọ̀gá ogun ló ń wá ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Owó wọn kì í pé. Wọ́n á lọ bá Ẹfúnṣetán, wọ́n á kó ìbọn, wọ́n á kó ẹ̀tù, àwìn ni. Àdéhùn ni pé bí ogun bá dé, wọ́n á fi ohun tí wọ́n rí kó níbẹ̀ san án. Bí wọ́n bá ṣẹ́gun, èrè wà. Bí wọn ò bá ṣẹ́gun, tàbí wọ́n ṣẹ́gun tí wọ́n sì ní àwọn ò rí nǹkan kó, ta ló jẹ̀bi? Ta ló máa lọ gbá ìlẹ̀kùn ológun pé kó san gbèsè?

Gbèsè ń gorí gbèsè. Ọdún ń gorí ọdún, wọ́n tún ń lọ ogun, wọ́n tún ń wá kó sí i. Ẹfúnṣetán sọ pé ó tó. Òun ò ní ta àwìn mọ́. Ó sì wà lára àwọn tí kò fara mọ́ ogun àjàìsinmi yẹn, nítorí oníṣòwò tó gbọ́n mọ̀ pé ogun ń dí ọ̀nà ọjà.

Olórí àwọn ológun náà ni Látòósà, tó ń ṣe àkóso Ìbàdàn láti 1871. Inú rẹ̀ ò dùn. Ní oṣù Karùn-ún 1874, ó yọ Ẹfúnṣetán lóyè Ìyálóde. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni Johnson kọ sílẹ̀ pé wọ́n fi kàn án. Ẹ gbọ́ o. Èkíní, kò bá Ààrẹ lọ sójú ogun. Èkejì, kò fi oúnjẹ àti ohun ìjà ránṣẹ́ sí i lójú ogun. Ẹ̀kẹta, nígbà tí Ààrẹ dé, kò fúnra rẹ̀ jáde lọ pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi kó kí i kú àbọ̀.

Ẹ̀sùn mẹ́ta nìyẹn, tán. Kò sí Adétutù níbẹ̀. Kò sí oyún níbẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ó pa ẹrú. Ohun tí ẹ̀sùn yẹn túmọ̀ sí lẹ́nu oníṣòwò ni pé, “O ò fún wa lọ́jà mọ́, o ò sì wá kí wa.”

Ó san owó ìtanràn, ó ní kí wọ́n bá òun bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ náà kò wọlé. Nígbà tó di òpin oṣù Kẹfà ọdún náà, wọ́n pa á nínú yàrá rẹ̀ lóru. Àwọn ẹrú rẹ̀ méjì ló pa á. Ọmọ tó gbà tọ́, Kúmúyìlọ̀, ló wà nídìí ẹ̀, owó ni wọ́n sì fi rà á. Ẹ ò rí i pé kò gbé májèlé kankan jẹ. Àwọn tó ń jẹun nínú ilé rẹ̀ ni wọ́n lò.

Inú bí àwọn ìjòyè nígbà tí wọ́n gbọ́ bó ṣe kú, àwọn ẹbí rẹ̀ ní Abẹ́òkúta náà béèrè. Wọ́n ṣe ìwádìí. Wọ́n mú ẹrú méjì náà, wọ́n pa wọ́n ní gbangba. Ẹrú ló jìyà rẹ̀. Ọ̀gá tó wà lẹ́yìn wọn wà lórí oyè.

Kí ló wá tẹ̀yìn ẹ̀ yọ? Ní 1877, ọdún mẹ́ta péré, Ìbàdàn ń wá ẹ̀tù ìbọn kiri. Wọ́n lọ rà á ní Àjàṣẹ́, àwọn Ẹ̀gbá dá wọn lọ́nà, ìyẹn náà tún dá ogun sílẹ̀. Ogun Èkìtì Parapọ̀ tí à ń pè ní Kírìjì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, kò sì parí tán títí di 1893. Àwọn Èkìtì ń rí ìbọn ìgbàlódé gbà láti Èkó, Ìbàdàn ń fi ṣakabùlà jà. Ojú ogun yẹn ni Látòósà kú sí ní 1885. Mi ò sọ pé ikú Ẹfúnṣetán nìkan ló fà á, ogun ní ìdí púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìlú tó pa ẹni tó mọ ọ̀nà etí òkun jù lọ, òun náà ló ń wá ọ̀nà etí òkun lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

OHÙN KẸFÀ

Mo ti ń pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á, mo ń parí lọ.

Ẹ fi ti ẹnì kan wé e. Madam Tinúbú, Ẹfúnróyè. Ìgbà kan náà ni wọ́n gbé ayé. Òun náà ta tábà, ó ta iyọ̀, ó ta ìbọn, ó ta ẹrú. Òyìnbó lé e kúrò ní Èkó ní 1856, ó lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì pèsè ohun ìjà fún Ẹ̀gbá nígbà tí Dàhòmì gbógun wá ní 1864. Wọ́n fi jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Ó kú ní 1887 lórí oyè, pẹ̀lú ọlá. Lónìí, gbàgede ńlá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Èkó. Òwò kan náà ni àwọn méjèèjì ṣe. Ọ̀kan di orúkọ gbàgede, èkejì di orúkọ tí à ń fi bú obìnrin tó ń béèrè owó rẹ̀.

Akínwùmí Ìṣọ̀lá fúnra rẹ̀ padà kọ eré nípa Tinúbú, Tinúubú, Ìyálóde Ẹ̀gbá. Àwọn eré méjèèjì sì wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé kan ṣoṣo báyìí, Pamela Smith ló túmọ̀ wọn. N’Ìbàdàn náà, wọ́n ti gbé ère Ẹfúnṣetán dúró ní Challenge. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹ ti rí i. Ìyẹn fi hàn pé ìlú ti ń tún ọ̀rọ̀ náà rò. Àwa náà yẹ ká tún un rò.

Kí la fẹ́ mú níbẹ̀? Nǹkan mẹ́rin ni mo ní.

Èkíní, ẹ jẹ́ ká mọ ìyàtọ̀ láàárín ìkà àti ẹni tó ń béèrè ẹ̀tọ́. Ìyá tó ní kẹ́ ẹ wá san owó ìrẹsì kò pa Adétutù kankan. Ẹni tó jẹ gbèsè tó tún ń bú olówó, Látòósà ló ń ṣe. Láti òní lọ, ẹni bá tún fi orúkọ yẹn bú ẹnikẹ́ni nítorí gbèsè lórí ẹgbẹ́ yìí, mo máa yọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ti bá àwọn àgbà sọ ọ́, wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Èkejì, àwìn tí à ń ta fún ẹni tó wà nípò. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Èmi náà ti fún ọkùnrin kan tó wà ní ipò ńlá ní léèsì fún ìnáwó, nígbà tí mo lọ béèrè owó mi, ó bi mí pé ṣé mo mọ ẹni tóun jẹ́. Mo mọ ẹni tó jẹ́. Ajẹgbèsè ni. Mi ò dárúkọ rẹ̀, kò sì sí nínú ẹgbẹ́ yìí. Ẹni tí a kò lè mú lọ sílé ẹjọ́, ẹni tí a kò lè lọ kan ìlẹ̀kùn rẹ̀, kò yẹ ká tajà àwìn fún un, àyàfi ohun tí a lè pàdánù láì sunkún. Ibi tí Ẹfúnṣetán ti fara pa nìyẹn. Kì í ṣe pé ó ta àwìn, àwọn tó tà á fún ló mú idà lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta, òun nìkan ló dúró. Nígbà tó sọ pé òun ò ta àwìn mọ́, kò sí oníṣòwò mìíràn tó dúró tì í. Wọ́n rí i lóun nìkan, wọ́n mú un lóun nìkan. Ká ní gbogbo àwọn tó ń ta ẹ̀tù n’Ìbàdàn ló pa ẹnu pọ̀ ni, Látòósà ì bá jókòó bá wọn sọ̀rọ̀. Ìdí tí a fi dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ nìyẹn, àwa tá a wá ṣòwò nílùú onílùú. Mo dá a lábàá pé ká ní ìwé gbèsè kan fún ẹgbẹ́. Ẹni tó bá jẹ ẹnì kan nínú wa ju oṣù mẹ́ta lọ láì sọ nǹkan kan, orúkọ rẹ̀ á wọ inú ìwé náà, kò sì sí ẹlòmíràn nínú wa tó máa ta àwìn fún un títí yóò fi san án. Akọ̀wé nìkan ló máa di ìwé náà mú, a ò ní gbé e síta, a ò ní dójú ti ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp. Lọ́jọ́ Sátidé, nípàdé, a máa dìbò lórí ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ lòdì sí i, ẹ wá. Mo fẹ́ gbọ́.

Ẹ̀kẹrin, èyí tó le jù. Ẹ wo ẹni tó pa á. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ni. Látòósà rí wọn rà nítorí pé ọkàn wọn ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ṣe wọ́n bí ọmọ ni, mi ò rò pé owó Ààrẹ ì bá tètè wọlé. Àwa tá a ní ọmọọṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, tá à ń jẹ́ kí wọ́n sùn sórí páálí, tá à ń gbàgbé láti tú wọn sílẹ̀ nígbà tí ọdún wọn pé, ibẹ̀ ni òótọ́ inú eré Ìṣọ̀lá wà fún wa. Òótọ́ wà nínú eré, òótọ́ wà nínú ìtàn. Ẹni bá mú ọ̀kan tó ju ìkejì nù, kò tíì gbọ́ ẹjọ́ tán.

Ìyá wa onírẹsì, mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ mi. Mọ́kànlá nínú àwọn tó jẹ yín ti san owó wọn láti ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi. Ó ku mẹ́rin. Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ mọ ara yín. Ọjà ìyá ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, owó ọkọ̀ ò sì kéré. Ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí i kó tó di ọjọ́ náà.

Ẹ tún lè kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, bí ẹ bá ní ìtàn tí àwọn àgbà sọ fún yín nípa ilé Ògúnrìn ní Ìkìjà, ẹ fi ohùn ránṣẹ́, a máa kọ òun náà sílẹ̀.

Ẹ sùn re o. Ọjà á tà.